Àlèébù Tí A Bò Mọ́lẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ àti Katakata Àlòkù

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún ẹ̀dá, tí ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó ti ṣòwò kí iṣẹ́ ìjíṣẹ́ tó dé bá a, tí àwọn ará Mẹ́kà sì mọ̀ sí olóòótọ́. Kí ó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùwàlá tàbí ti ìrun, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jìnnà sí wọn. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Nínú àwọn ẹjọ́ tí ó ń dé iwájú àwọn ìmáàmù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹjọ́ ẹ̀rọ àlòkù kò kẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ra ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ọkọ̀ dákú sí ojú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn ra ẹ́ńjìnì tí yóò fi máa lọ ẹ̀gẹ́, kò lò ó dé ọjà márùn-ún tí ó fi dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ dá owó jọ, wọ́n ra katakata, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, katakata kò lè túlẹ̀. Bí ẹ bá wá tẹ́tí sí àwọn tí ó ń rojọ́, ẹ ó rí i pé nígbà púpọ̀, mùsùlùmí ni gbogbo wọn: ẹni tí ó tà, ẹni tí ó rà, alágàta tí ó wà láàrin, àti mẹkáníìkì tí ó wò ó. Ìyẹn ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀rọ burúkú kì í dá rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn tí ó mọ àlèébù rẹ̀ ni ó ń gbé e rìn. Ojúṣe mùsùlùmí ni kí ìdákẹ́jẹ́ náà dópin lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ni ó ń tà, ìbáà jẹ́ òun ni ó ń rà, ìbáà sì jẹ́ òun gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rẹ́ jẹ.

BÍ ÀLÒKÙ ṢE GBÒDE

Àwọn àgbà láàrin wa kò gbàgbé ìgbà tí nǹkan rí bákan. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Leyland wà ní Ìbàdàn fún ọkọ̀ akẹ́rù, Steyr sì wà ní Bauchi, ó ń to katakata pọ̀. Olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba a máa fi ẹ̀yáwó ra ọkọ̀ titun. Ní ọdún 1986 ni ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀, iye náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Ọkọ̀ titun kúrò ní àrọ́wọ́tó. Nígbà náà ni tòkunbọ̀ gbòde. Orúkọ tí a máa ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fi sọ ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò kù, bí ẹni pé ọmọ ni ó ti ìdálẹ̀ bọ̀ wálé.

Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń ti èbúté Kùtọnu gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Ìjọba fi òfin de gbígbé ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Wọ́n ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó sì di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí wọn. Síbẹ̀ ọkọ̀ àlòkù kò wọ́n lọ́jà. Ìwádìí tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé láàrin ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan, Áfíríkà ni ó sì gba ìpín tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí iye náírà tún já wálẹ̀ gan-an, tòkunbọ̀ pàápàá ti di ohun olówó ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yà sí èyí tí a ti lò gbó níhìn-ín. Bí owó ṣe ń tóbi sí i ni àbámọ̀ ń tóbi sí i.

Kì í ṣe pé ríra ohun àlòkù burú. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Ànábì (S.A.W.) ra ràkúnmí kan lọ́wọ́ Jabir bin Abdillah nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ìrìn àjò. Ràkúnmí náà ti rẹ̀ kí ó tó di pé wọ́n sọ̀rọ̀ rírà, ojú àwọn méjèèjì sì ni ó ṣe. Jabir bẹ̀bẹ̀ kí òun gùn ún dé Mẹ̀dínà kí òun tó fà á lé e lọ́wọ́, Ànábì sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó san owó rẹ̀ pé, ó sì tún fi ràkúnmí náà ta Jabir lọ́rẹ. Ohun àlòkù ni, ó ti rẹ̀ rí, wọ́n sì dá àdéhùn lé e lórí. Síbẹ̀ inú olùtà dùn, inú olùrà sì dùn. Ohun tí ó fà á ni pé kò sí ohun tí ẹnì kan mọ̀ nípa ọjà náà tí ẹnì kejì kò mọ̀.

ÀLÈÉBÙ ÀTI ÀLÙBÁRÍKÀ

Muslim gbà á wá pé Ànábì (S.A.W.) kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ibi tútù. Ó bi olóúnjẹ léèrè ohun tí ó fà á. Ó ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ kíyè sí i pé òjò ni ó pa oúnjẹ náà, kì í ṣe ẹni tí ó ń tà á. Ànábì kò dá a lẹ́bi nítorí òjò. Ó dá a lẹ́bi nítorí pé ó fi gbígbẹ bo tútù. Bákan náà ni ẹ́ńjìnì tí ó ti gbó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó ń ta ọkọ̀. Ọ̀dà titun tí ó fi bo ìpẹtà ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó fẹ́ ta àgùntàn tàbí ràkúnmí lè fi ọmú rẹ̀ sílẹ̀ láìfún fún ọjọ́ mélòó kan, kí wàrà lè kún un, kí olùrà lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí lójoojúmọ́. Ànábì (S.A.W.) kọ̀ ọ́ fún wọn. Ó fún ẹni tí ó bá ra irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, kí ó fi òṣùwọ̀n sáà dàbínù kan tì í dípò wàrà tí ó ti fún. Nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀gbàwá náà, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fún un láti fi wò ó.

Ọmú tí wọ́n fi pamọ́ nígbà náà ni aago ọkọ̀ tí wọ́n ń yí padà lónìí, tí ọkọ̀ tí ó ti rin kìlómítà 300,000 fi ń ka 90,000. Òun ni epo ẹ́ńjìnì tí ó ki tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnì tí ó ti jẹ, kí èéfín àti ariwo rẹ̀ lè dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Òun ni ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti tàn títí ó fi gbóná kí olùrà tó dé, nítorí pé nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù ni àìsàn rẹ̀ máa ń hàn. Òun ni iná ìkìlọ̀ tí wọ́n pa kí ó má baà tàn lójú awakọ̀. Òun náà ni ọkọ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìjì Katrina ní ọdún 2005, Sandy ní ọdún 2012 àti Harvey ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí gbàǹjo. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n pààrọ̀ aṣọ ìjókòó rẹ̀, yóò dára lójú, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti ń jẹ wáyà rẹ̀ nínú.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a yá láti inú èdè Lárúbáwá tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọlọ́jà wa. Èkíní ni àlèébù, èkejì ni àlùbáríkà. Hádíìsì Hakim bin Hizam, tí Bukhari àti Muslim gbà wá, so àwọn méjèèjì pọ̀. Ànábì (S.A.W.) fi yé wa nínú rẹ̀ pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òtítọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí ó wà lára ọjà, Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí òwò wọn, bí wọ́n bá purọ́ tí wọ́n sì fi nǹkan pamọ́, a ó pa àlùbáríkà òwò náà rẹ́. Ẹni tí ó bo àlèébù mọ́lẹ̀, tí ó tún ń bẹ ààfáà pé kí ó ṣe àdúà àlùbáríkà fún òun, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ti ìlẹ̀kùn tí ó ń kàn.

ALÁGÀTA ÀTI MẸKÁNÍÌKÌ

Ọ̀pọ̀ rò pé olùtà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ gba ìtàn Wathila bin Al-Asqa wá, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà. Ó dúró níbi tí ọkùnrin kan ti ta ràkúnmí ní 300 dirham, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ títí olùrà fi fa ràkúnmí lọ. Ó sáré tẹ̀lé e, ó bi í bóyá pípa ni ó fẹ́ pa á tàbí gígùn ni ó fẹ́ gùn ún. Olùrà ní gígùn ni. Wathila sọ fún un pé ihò wà ní pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní lè rin ìrìn àjò léraléra. Olùrà padà lọ bá olùtà, olùtà sì yọ 100 dirham fún un. Inú bí i, ó ní Wathila ba ọjà òun jẹ́. Wathila dá a lóhùn pé àwọn ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun láti máa ṣe òótọ́ sí gbogbo mùsùlùmí.

Kì í ṣe òun ni ó ta ràkúnmí, kì í ṣe òun ni ó rà á, kò sì gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó kàn mọ̀ ni, ìmọ̀ rẹ̀ sì ti di ẹrù sí i lọ́rùn. Kí ni kí a wá sọ nípa mẹkáníìkì tí a mú lọ wo ọkọ̀, tí ó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, tí ó tún yí sí ẹ̀yìn lọ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà? Ó ti ta àmánà. Kí ni kí a sọ nípa alágàta tí ó fi ènìyàn mìíràn dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí yóò máa pariwo pé òun ti dá iye báyìí lé e ní àárọ̀, kí olùrà lè kánjú? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) kọ̀ ọ́ fún wa ní kedere pé kí ẹni tí kò fẹ́ rajà máa dá owó lé e kí ó lè fi tan ẹlòmíràn. Owó alágàta kì í ṣe haráàmù, iṣẹ́ ni ó ṣe. Irọ́ inú rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di haráàmù.

GBÓLÓHÙN ÌSÀLẸ̀ RÌSÍÌTÌ

Ẹ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì ọ̀pọ̀ ọlọ́jà wa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ọjà tí a bá rà ní pípé, a kì í gbà á padà mọ́. Bí ẹjọ́ bá dé, olùtà yóò máa na ìka sí i bí ẹni tí ó ń ka aáyà. Ṣùgbọ́n kí ó ka gbólóhùn rẹ̀ dáadáa. Ọjà tí a rà ní pípé ni ó wí. Bí ọjà kò bá pé láti ọwọ́ rẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni ó dá a lẹ́bi.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kọ ọ́. Wọn yóò sọ ọ́ lẹ́nu pé bí olùrà ṣe bá a ni ó rà á, pé àwọn kò mọ nǹkan kan sí i. Imam Malik gba ẹjọ́ kan wá nínú Muwatta tí ó yẹ kí gbogbo ọlọ́jà mọ̀. Ní ayé tí òwò ẹrú ṣì wà, Abdullah bin Umar ta ẹrú kan ní 800 dirham, ó sì ṣe àdéhùn pé òun bọ́ lọ́wọ́ àlèébù. Olùrà sọ pé àìsàn wà lára rẹ̀ tí olùtà kò dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Uthman bin Affan. Uthman kò wo àdéhùn náà nìkan. Ó ní kí Abdullah búra pé òun kò mọ̀ nípa àìsàn kankan lára rẹ̀ nígbà tí òun tà á. Abdullah yẹra fún ìbúra, ó gba ẹrú náà padà, ara ẹrú yá lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì tún un tà ní 1,500 dirham. Nínú ìdájọ́ yìí a rí i pé gbólóhùn ẹnu kò lè wẹ ẹni tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́. Òfin ìjọba pàápàá kò gbè é. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún olùrà ní ẹ̀tọ́ lórí ọjà tí ó ní àlèébù, ó sì fẹ́ kí ẹni tí ó ń ta ọjà tí wọ́n tún ṣe jẹ́ kí ó hàn gbangba pé títúnṣe ni.

OJÚṢE ẸNI TÍ Ó Ń RÀ

Èyí kò wá sọ pé kí olùrà di ojú rẹ̀ lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni ó ń rí ìfun inú rẹ̀. Kí ó lọ ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Kí ó fa ọ̀pá epo jáde: bí epo bá funfun bí ògì, omi ti ń wọ inú rẹ̀. Kí ó wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára táyà, nítorí pé méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún rẹ̀; 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009, irú táyà bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí ó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ìwé. Kí ó ṣí kápẹ́ẹ̀tì kí ó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá iyanrìn àti ìpẹtà wà níbẹ̀. Kí ó fi nọ́ńbà ọkọ̀, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, wé èyí tí ó wà nínú ìwé.

Ti katakata yàtọ̀. Wákàtí ni a fi ń ka ọjọ́ orí tirẹ̀, kì í ṣe kìlómítà. Pé ó tàn, pé ó rìn síwájú àti sẹ́yìn nínú ọgbà ọlọ́jà, kò ì tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ọn, kí ó gbé e sókè kí ó dúró bẹ́ẹ̀, kí a wò ó bóyá yóò máa rọ̀ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó túlẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú, kí a wò ó bóyá omi rẹ̀ yóò hó. Ẹ bèèrè ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọjà kí ẹ tó san owó. Massey Ferguson tí ó ti gbó díẹ̀, tí mẹkáníìkì ìtòsí mọ̀ ọ́n túnṣe, sàn fún àgbẹ̀ ju èyí tí ó rẹwà tí kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ẹ gba ẹ̀tọ́ tí Ṣẹ̀ríà fún yín. Sàhábà kan wà tí wọ́n máa ń rẹ́ jẹ lọ́jà. Ànábì (S.A.W.) kọ́ ọ pé kí ó máa sọ nígbà tí ó bá ń ṣòwò pé kò gbọdọ̀ sí ìtànjẹ. Àwọn onímọ̀ gbà pé a lè ṣe àdéhùn àsìkò ìyẹ̀wò kí ọjà tó di àṣepé. Ní mazhab Malik, tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, irú ọjà ni yóò sọ bí àsìkò náà yóò ṣe gùn tó, nítorí pé ilé kò dà bí ẹran, ẹran kò sì dà bí aṣọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Aáyà 282 nínú Súratul-Baqarah, tí ó pàṣẹ kíkọ gbèsè sílẹ̀, náà ni ó ní kí a wá ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń ṣòwò. Bí ẹ bá sì rí àlèébù, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ padà lọ bá ẹni tí ó tà á. Ẹni tí ó rí àlèébù tí ó ṣì ń lò ó fún oṣù mẹ́fà, tí ó ń tún un ṣe lọ tún un ṣe bọ̀, ti fi ìlò rẹ̀ sọ pé òun gbà á bẹ́ẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

KÌ Í ṢE IṢẸ́ AYÉ

Ohun kan tún wà tí ó ń bani nínú jẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti dákú lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn kan kì í lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ́. Wọ́n a ní àwọn ará ilé ni, wọ́n a ní ojú ayé ni. Wọn yóò lọ gba tírà tí wọn yóò gbé kọ́ iwájú ọkọ̀, wọn yóò pa ẹran sí ìdí táyà. Ìjánu ọkọ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ará mi, gbígbé ìrètí ka ohun tí kì í ṣe Ọlọ́hun ba ìgbàgbọ́ jẹ́, kò sì tún ìjánu ṣe. Àwọn mìíràn a ní kádàrá ni. Òótọ́ ni pé kò sí ohun tí ó jáde kúrò nínú kádàrá, ṣùgbọ́n Ànábì (S.A.W.) ní kí ẹni tí ó ní ràkúnmí so ó mọ́lẹ̀ kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kádàrá bo ìwà jìbìtì ẹlòmíràn ń gbè sẹ́yìn oníjìbìtì ni.

ẸNI TÍ A RẸ́ JẸ KÒ GBỌDỌ̀ RẸ́ ÈNÌYÀN JẸ

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Àwọn àgbẹ̀ kan ní agbègbè Òkè-Ògùn wá béèrè ọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi dá owó jọ nínú èrè àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó ra katakata tòkunbọ̀. Ní ọgbà ọlọ́jà, ó pupa nínú ọ̀dà titun, ohùn rẹ̀ sì dùn. Nígbà tí ó dé oko, kò lè gbé ohun ìtúlẹ̀ ró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí wọ́n ti ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀ kiri ni òjò ti lọ, koríko bo ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣán, wọ́n sì padà sídìí ọkọ́. Ẹni tí ó tà á kò gbé tẹlifóònù wọn mọ́. Ìbéèrè wọn ni pé, àwọn ará abúlé kan tí ń wá katakata. Ṣé àwọn lè fi ọ̀dà kùn ún, kí àwọn sì tà á fún wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tà á fún àwọn?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò tọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú wọn. Èkíní ni kí wọ́n wá olùtà rí, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí àti ìwé, kí wọ́n dá ẹ̀rọ padà fún un. Èkejì ni kí àwọn àti òun jọ gbà pé yóò dá iye tí àlèébù náà jẹ́ padà, kí ẹ̀rọ sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n tà á pẹ̀lú àlàyé, fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n túnṣe tàbí ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀yà ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà kẹta yìí korò. Ká ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni wọ́n rà á, tí ó sì jẹ́ pé mílíọ̀nù mẹ́rin ni ẹni tí ó gbọ́ òtítọ́ yóò san. Mílíọ̀nù mẹ́fà ti lọ. Ṣùgbọ́n ta ni mílíọ̀nù mẹ́fà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọwọ́ ẹni tí ó rẹ́ wọn jẹ ni ó wà. Kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀ abúlé kejì tí òun náà ti ń tọ́jú owó láti ọdún mẹ́rin. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò gba ẹ̀tọ́ wọn padà. Wọ́n kàn sọ ara wọn di irú ẹni tí wọ́n ń ṣépè fún ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe lè sọ ìlú márùn-ún di oníjìbìtì. Bí ó bá sì jẹ́ ọkọ̀ akérò tí ìjánu rẹ̀ kò dára ni, kì í ṣe owó nìkan ni a tà. A ti ta ẹ̀mí àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń nájà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn Jarir bin Abdillah kún un, sàhábà tí ó ṣe àdéhùn pẹ̀lú Ànábì pé òun yóò máa ṣe òótọ́ sí gbogbo mùsùlùmí. Wọ́n gbà á wá pé ìránṣẹ́ rẹ̀ bá a ra ẹṣin ní 300 dirham. Nígbà tí Jarir rí ẹṣin náà, ó padà lọ bá olówó rẹ̀, ó sọ fún un pé ẹṣin rẹ̀ ju iye yẹn lọ, ó sì ń fi kún owó náà títí ó fi dé 800. Ẹni tí ó ń rà ni, kò sì fẹ́ jẹ àìmọ̀ olùtà. Mélòó mélòó ni ẹni tí ó ń tà, tí ó mọ àrùn ọjà rẹ̀?

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ MỌ́SÁLÁÁṢÍ WA

Wáásí nìkan kò tó. Kí jámọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan yan mẹkáníìkì méjì tàbí mẹ́ta tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, tí yóò máa bá àwọn ará yẹ ẹ̀rọ wò, kí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ olùrà nìkan ni wọn yóò ti gba owó. Kí a tẹ ìwé àdéhùn ní èdè Yorùbá, tí àyè yóò wà nínú rẹ̀ fún àlèébù tí olùtà mọ̀, àsìkò ìyẹ̀wò, àti orúkọ ẹlẹ́rìí. Kí àwọn mùsùlùmí tí ó ń ta ọkọ̀ fúnra wọn jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ sí ẹni tí ń sọ àlèébù ọjà rẹ̀ kò ní wá oníbàárà tì.

Mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń sá fún èlé, tí wọ́n fi ń lo ètò muràbahà, èyí ni pé kí ẹgbẹ́ ra ọjà kí ó sì tún un tà fún ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú èrè. Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí ọjà náà kọ́kọ́ di ti ẹgbẹ́, kí ewu rẹ̀ wà lọ́rùn ẹgbẹ́, kí wọ́n tó tà á. Ẹgbẹ́ tí ó kàn kó owó lé ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, tí kò rí ọkọ̀, tí kò yẹ katakata wò, tí ó sì ń retí owó àti èrè lórí rẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá òwò ni ó ṣe tàbí èlé ni ó wọ aṣọ òwò fún. Kí ẹgbẹ́ má ṣe sanwó ẹ̀rọ oko kankan títí yóò fi ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko nínú oko.

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́hun dárúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù nínú Súratul-Mutaffifin, ó sì rán wọn létí ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀dá yóò dìde dúró níwájú Olúwa wọn. Ẹni tí ó yí aago ọkọ̀ padà ti dín òṣùwọ̀n kù. Ní ọjọ́ náà, ọ̀dà kò ní bo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní haláàlì tí yóò tó wa, kí ó ṣọ́ wa kúrò nínú haráàmù. Kí ó dá ohun tí àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ pàdánù padà fún wọn pẹ̀lú èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó sì fún àwọn tí ó rẹ́ ènìyàn jẹ ní ìrònúpìwàdà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ó fi àlùbáríkà sí oko wa, sí ọjà wa àti sí ìrìn wa. Àmín.

Was-salāmu ʿalaykum wa rahmatul-Lāhi wa barakātuh.